Lórí Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Dásọ́lá

Ilé Alágbàdo,
Ẹ̀yìn Ọjà Ọba,
Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Bísí, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Àbíjàn? Bàbá Dásọ́lá ńkọ́, ṣé ó ṣì ń hanrun tí àwọn ará ilé kejì ń kan ògiri? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ lásìkò òjò ńkọ́? Mo nírètí pé o ń fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ pa á, pé o kò gbé e sórí pẹpẹ kí àlejò máa wò ó, torí mo mọ̀ ọ́. Àtíẹ́kẹ́ tí ò ń fi ẹ̀gẹ́ sè tà ńkọ́, ṣé ó ń tà dáadáa? Ìyàwó ọmọ rẹ ọkùnrin ńkọ́? Bí ó bá ti bí, ẹ kú ewu ọmọ, kí Ọlọ́run dá ìyá àti ọmọ sí. Bí kò bá tíì bí, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Àwa náà wà níbí. Adó kò yí padà púpọ̀ látìgbà tí o mú ọmọbìnrin rẹ Dásọ́lá wá síléèwé, tí o fi í sọ́dọ̀ mi. Àwọn ọlọ́kadà Fájuyì ṣì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, àwọn oníbàárà mi ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohùn ará Ọ̀ṣun kò kúrò lẹ́nu mi, lẹ́yìn ọdún méjìlélógún tí mo ti ń bá wọn lọ ata. Nǹkan wọ́n, ṣùgbọ́n a ń jẹun. Ara mi le, mo dúpẹ́.

Mo ti ń kí ọ láti òkè wá, mo sì mọ̀ pé o ti ń rò ó pé kí ló ṣe Bùkọ́lá tó ń kọ lẹ́tà lásìkò tí gbogbo ayé ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, n óò wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ nípa àtíẹ́kẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì fi rán dírẹ́bà tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Èjìgbò ìlú wa lọ sí Àbíjàn. Jọ̀wọ́, wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Bísí, irọ́ ni mo pa fún ọ. Dásọ́lá kò tẹ fóònù lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gbé ọwọ́ rẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì, báàgì sì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló rí i. Ọ̀dọ̀ èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ iṣẹ́ mi, o ti jókòó rí lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Ọba. Ata, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, àgbàdo ògì, kò sí ohun tí n kì í lọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń mú kí àwọn obìnrin máa kọjá níwájú ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi: n kì í jẹ́ kí nǹkan oníbàárà ṣẹ́kù sínú ẹ̀rọ. Bí ata bá ti ń tán lọ, díẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun ẹ̀rọ. Bí ẹlẹ́rọ bá fi í sílẹ̀, ata ẹni tó kàn ni yóò gbé e jáde, ẹni tó ni ín á sì gbé abọ́ tó dín relé. Ojú olè ni wọ́n fi ń wo irú ẹlẹ́rọ bẹ́ẹ̀ níbí. Nítorí náà, mo máa ń ti ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ, n óò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a yípo nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, torí pé bí o bá pa á kí o tó gbá a, ìṣẹ́kù yẹn kò ní í jáde mọ́. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe é, èékánná mi kan kò ṣẹ́ rí. Ẹ̀rọ ata jìn lọ́fun, irin tó ń lọ nǹkan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọwọ́ kì í dé ibẹ̀.

Nígbà tí Dásọ́lá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí kò rí iṣẹ́, tó ní òun ò lè máa jókòó lásán, mo mú un wọ ṣọ́ọ̀bù. Gbígbá yẹn ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé ibi tí wọ́n kàwé dé nìyí, wọ́n ń bẹ̀rù ata. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tì í wọ inú ẹ̀rọ pẹ̀lú ọwọ́ tèmi, mo yí i ká. Ó ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò pé oṣù méjì tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè òun ju èmi lọ. Inú mi dùn, Bísí. Mo ń fi í yangàn káàkiri ọjà bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀gá Akínyẹmí ṣí ilé iṣẹ́ ìlọran lójú ọ̀nà Ìkéré. Àwọn tó ń ṣe míìtìpáì àti sọ́séèjì ní Fájuyì àti káàkiri Adó ló ń gbé ẹran tiwọn wá, tí wọ́n ń bá wọn lọ̀ ọ́. Dásọ́lá wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ọkùnrin náà kó wá láti òkè òkun tóbi, ó ga dé àyà mi, ó ń dán, ó lè lọ odidi itan màlúù kí o tó ka ọgọ́rùn-ún. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ọpọ́n ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi irin kan tí wọ́n hun bí asẹ́ bo ẹnu náà, ọwọ́ èèyàn kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀pá rọ́bà funfun kan bá a wá, òun ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi ti ẹran.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀gá Akínyẹmí ránṣẹ́ pè mí. Dásọ́lá ló sọ fún un pé kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ tó màmá òun l'Ádó, èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ní ẹran kì í tètè kọjá nínú irin yẹn àfi tí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, àti pé àwọn oníbàárà ń kùn pé ẹran àwọn ń ṣẹ́kù sínú ọ̀fun ẹ̀rọ, ọ̀pá rọ́bà ò sì gbá a tán. Bísí, bùbá mi tó dára jù lọ ni mo wọ̀ lọ. Mo yí ẹ̀rọ náà ká lẹ́ẹ̀mejì bíi dókítà. N kò béèrè ìdí tí wọ́n fi fi irin síbẹ̀. N kò yọjú wo inú rẹ̀ láti mọ ibi tí irin tó ń yí wà. Mo kàn ní, "Ẹ yọ irin yìí dànù jàre, Ọ̀gá. Àwọn tó ṣe é ò tíì bá obìnrin Ọjà Ọba ṣòwò rí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Dásọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pe wẹ́dà, ó gé irin náà kúrò, wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri.

Oṣù méje ni iṣẹ́ fi ń lọ geere. Dásọ́lá ló ń dúró sí ẹnu ẹ̀rọ. Àwọn oníbàárà á dúró tì í, wọ́n á máa fi ojú ṣọ́ ẹran wọn. Bí ó bá ti ń tán lọ, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á gbá a yípo, wọ́n á ní, "Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́rọ, o ṣeun!" Orúkọ mi ni wọ́n fi ń yìn ín, mo sì ń gbọ́ ọ láti ọjà, orí mi ń wú.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé nínú ẹ̀rọ ẹran, irin tó ń yí kò jìn rárá. Abẹ́ ẹnu rẹ̀ níbẹ̀ gan-an ló wà, ó lọ́ bíi súkúrúù ńlá, ohunkóhun tó bá sì kàn án, fífà ló ń fà á. Oṣù méje ni ọwọ́ ọmọ rẹ fi ń kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, tí àyè tó wà láàárín wọn kò ju ìbú ìka kan lọ.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù karùn-ún ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún wọn nítorí ìmọ́tótó, èyí tí wọ́n fún Dásọ́lá sì tóbi jù ú lọ, ó yọ kọjá orí ìka rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣe míìtìpáì dúró tì í, ó ní ẹran òun ṣì kù níbẹ̀. Dásọ́lá ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ láti gbá a bí mo ṣe kọ́ ọ. Orí ìbọ̀wọ́ yẹn ni irin kọ́kọ́ mú.

Ṣìkẹ́ ló wá pè mí, ọmọ Èkìtì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ìjọ Àgùdà, ọmọ jẹ́jẹ́ tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí. Láti orí ọ̀kadà ló ti ń pariwo wọ ọjà: "Yèyé! Yèyé! Ẹ kálọ síbi uṣẹ́, ẹ̀rọ ti gbé ọwọ́ Dásọ́lá!" Kò ráyè bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀jẹ̀ màlúù ló wà lára rẹ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Dásọ́lá fara tì í, apá ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí ṣáá. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú orí ẹ̀rọ náà, Ọ̀gá Akínyẹmí ń pe ẹni tó tà á fún un l'Ékòó, ẹni yẹn ò gbé e. Èmi ni mo gba sípánà. Èmi ni mo tú u, nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò ní í sọ ohun tí mo rí nígbà tó ṣí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rí irú ẹ̀ lójú àlá.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè tò pọ̀ mọ́. Wọ́n gé e lókè ọrùn ọwọ́ díẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ lo pè. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Ọ̀gá Akínyẹmí dúró lápá ẹsẹ̀. O ń sunkún, o ń bi mí pé, "Bùkọ́lá, báwo ló ṣe jẹ́? Kí ló ń ṣe tó fi ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ?" Mo fẹ́ sọ pé èmi ni. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni pé, "Fóònù ló ń tẹ̀, Bísí. O mọ àwọn ọmọ ìwòyí." N kò mọ ibi tí mo ti rí i. Ẹ̀rù rẹ ló bà mí. Ìwọ lo fi ọmọ rẹ lé mi lọ́wọ́, lójú gbogbo èèyàn nínú gáréèjì, o ní o kò fi í sílẹ̀ fún àjèjì. Ọ̀gá Akínyẹmí wò mí. Mo rí i pé ara tù ú.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ìwé kan wá sí wọ́ọ̀dù. Ohun tí mo sọ fún ọ ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, pé àìfiyèsí òṣìṣẹ́ ló fà á, pé fóònù ló ń tẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Dásọ́lá kò lè fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ tó gboyè ní yunifásítì, àtàǹpàkò òsì ni wọ́n ní kó tẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀wé. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo di bébà náà mú kó má baà yọ̀.

Ìwọ náà sì bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò. O bi í bóyá lóòótọ́ ni pé fóònù ló ń tẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Inú wá bí ọ, o bú u, o ní o ti ń kìlọ̀ fún un láti ọjọ́ yìí, o ní kó má wulẹ̀ gbé ọwọ́ tó fi àìgbọràn gé wá bá ọ ní Àbíjàn. N kò dá ọ lẹ́bi, ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ohun tí mo sì fi bọ́ ọ ni o pọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́ ọ. Bí o ṣe kúrò lórí rẹ̀ báyìí, ó pa fóònù náà, ó ní kí n bá òun fi pamọ́. Títí di òní, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń gbé ìpè rẹ. Kì í ṣe orí kunkun bí o ṣe ń sọ fún mi.

Kò tíì jáde nílé láti oṣù kẹfà. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òsì kọ̀wé, ó ti kọ ìwé mẹ́ta kún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tan ẹ̀rọ ìlọta ládùúgbò, á fi ọwọ́ bo etí kan, etí kejì á wà ní ṣíṣí. Èmi fúnra mi kò lè ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ mọ́. Àwọn oníbàárà ti ń sọ lẹ́yìn mi pé Ìyá Ẹlẹ́rọ ti ń jí ata àwọn. Kí wọ́n máa sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo padà lọ sí ilé iṣẹ́ yẹn. Obìnrin mìíràn ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Irin náà ṣì wà lára ògiri, wọ́n fi ń kọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé Dásọ́lá kò tẹ fóònù, pé èmi ni mo parọ́, pé kí Ọ̀gá Akínyẹmí fa ìwé yẹn ya. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹnu yín la ti gbọ́ ọ? Ẹ̀yin náà lẹ sì ní ká yọ irin." Òótọ́ ló sọ. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, mo ní n kò dìde àfi tí wọ́n bá pe wẹ́dà. Nígbà tó di ọ̀sán tí àwọn ẹlẹ́ran ti tò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n pè é. Mo wò ó títí ó fi jó irin náà mọ́ ọn padà. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo ti sọ fún un pé níbikíbi tó bá ti gbé e jáde, n óò wá sọ tẹnu mi níbẹ̀.

Mo rò pé lẹ́yìn èyí, ọkàn mi á fúyẹ́. Láàárọ̀ àná, níbi tí mo ti ń wẹ Dásọ́lá, mo bi í. Mo ní, "O gbọ́ mi lọ́jọ́ tí mo parọ́ fún ìyá rẹ, àbí o ò gbọ́?" Ó ní òun gbọ́, òun kàn di ojú ni. Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi sọ fún un pé òótọ́ ni?" Ọṣẹ ti ń gbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Màmá mi wà ní Àbíjàn. Ẹ̀yin lẹ ń wẹ̀ mí. Tí mo bá ní irọ́ lẹ pa, tí inú bá bí yín, ta ni yóò máa wẹ̀ mí?"

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ dùn mí. Bí ó ṣe rò ó nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ rẹ fi ń bẹ̀rù mi nínú ilé mi, tí mo ń rò pé ìfẹ́ ni.

N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Má pè mí, Bísí. Dírẹ́bà tó mú ìwé yìí wá ń padà sí Èjìgbò lọ́jọ́ kẹrin tó bá débẹ̀, mo sì ti ní kó fi àyè kan sílẹ̀ fún ọ. Bá mi kí Bàbá Dásọ́lá, bí ó bá ṣì fẹ́ gbọ́ ìkíni mi. Bá mi kí ìyàwó ọmọ rẹ. Bá mi kí àwọn ará Èjìgbò tó wà ládùúgbò yín, kí o sì sọ òótọ́ fún wọn, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ti dé etí gbogbo wọn. Ṣìkẹ́ ní kí n kí ọ. Dásọ́lá kò mọ̀ pé mo ń kọ̀wé, ìdí nìyẹn tí kò fi kí ọ.

Wá wẹ ọmọ rẹ.

Èmi tí mo parọ́ fún ọ,

Bùkọ́lá.